Ẹ Jẹ́ Kí Oòrùn Ṣakí Ya Ewé Ṣakí

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọkùnrin kan bá mi lójúde ilé wa ní Ṣakí. Mo ti tẹ́ bébà sílẹ̀, mo fi ewé dóńgóyárò lé e, mo wá gbé gíláàsì lúfà kan tó já lára fèrèsé àtijọ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Èmi fúnra mi jókòó síbi òjìji, mò ń ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má lọ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó wò mí, ó wo gíláàsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewé lẹ̀ ń sá ni, àbí ẹ ń ṣe oògùn?" Mo ní rárá o, àwòrán ni mò ń yà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù lápò, ó nà án sókè sí igi dóńgóyárò tó wà lórí wa, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ wò ó, èmi ti yà á tán."

Mi ò bínú sí i. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, "mo ti yà á tán," kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Kí ló yà tán? Mo tọ́ka sí koríko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ṣàn kọjá, èyí tó ní òdòdó wínníwínní lórí. Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?" Ó ní, "Koríko ni." Imí eṣú ni. Màmá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyá màmá rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ayé, kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lè mọ ibi tí mo dúró sí. Mo ní ọ̀nà ìyàwòrán àtijọ́, èyí tí kò lo kámẹ́rà rárá, tó jẹ́ bébà, ewé àti oòrùn, ló yẹ kí àwa ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn fi máa ya ewé àti koríko tó yí wa ká. Kì í ṣe fún fàájì. Kì í ṣe pé a fẹ́ ṣe bí ará ayé àtijọ́. Àwọn ohun tí mo ń sọ pé ká yà yìí ń lọ, orúkọ wọn sì ń ṣáájú wọn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé idán ni. Ẹ yọ kàlẹ́ńdà tó ti pẹ́ lára ògiri ilé yín wò. Ibi tí kàlẹ́ńdà bò, ọ̀dà ibẹ̀ ṣì mọ́ roro, àyíká rẹ̀ ti ṣá. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́: tí wọ́n bá fẹ́ sá àdìrẹ tuntun, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, torí oòrùn ń jẹ àwọ̀ aṣọ. Ohun tí oòrùn bá rí, á jẹ ẹ́. Ohun tí nǹkan bá bò mọ́ ọn lójú, á fi í sílẹ̀. Gbogbo ìyàwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, orí èyí ló dúró sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin 1834 sí 1839, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Henry Fox Talbot rẹ bébà sínú omi iyọ̀, ó fi silver nitrate kùn ún, ó gbé ewé lé e, ó gbé e sóòrùn. Ibi tí oòrùn kàn di dúdú, ibi tí ewé bò kò dúdú. Ní 1842, John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀, tún ṣàlàyé ọ̀nà méjì mìíràn. Èkíní ni cyanotype, tó ń lo èròjà méjì tí irin wà nínú wọn, tí àwòrán rẹ̀ sì máa ń jẹ́ búlúù. Èkejì ni anthotype, tó jẹ́ omi òdòdó tàbí omi ewé lásán, kò sí èròjà kankan láti ilé oògùn. Nígbà tó di 1843, obìnrin kan, Anna Atkins, bẹ̀rẹ̀ sí í fi cyanotype ṣe ìwé nípa ewéko inú òkun. Ewéko òkun, ẹ gbọ́ o! Nǹkan tí ìgbì ń gbá sí etí omi, tí èèyàn ń tẹ̀ kọjá. Ọdún 10 ló fi ṣe é, ó parí rẹ̀ ní 1853. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn ìyàwòrán gbà pé ìwé yẹn ni àkọ́kọ́ tí wọ́n lo fọ́tò fún àwòrán inú rẹ̀ láyé. Kò lọ wá kìnnìún, kò ya ọba. Koríko omi ló fi bẹ̀rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ìyàwòrán ò pẹ́ kó tó dé apá ibí yìí. Ní 1853 kan náà tí Atkins parí ìwé rẹ̀, Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kó ẹrù rẹ̀ wá sí Monrovia ní Làìbéríà, ó sì ń ya àwòrán sórí àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Ní Èkó, N. Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, ti ní ilé ìyàwòrán kí ọdún 1900 tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìlú tí kò ní fọtogíráfà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn fọtogíráfà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa wọn ní 1978. Ó rí bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó, tí agbádá ń tẹ́ rẹrẹ, tí ojú ń wo iwájú gan-an. Ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú: wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ méjèèjì sórí bébà kan, kí ìbejì lè tún pé. Ẹ wo ọgbọ́n! Ẹni tó bá ní Yorùbá ò mọ ohun tí àwòrán lè ṣe, kó lọ jókòó.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí, ewé dà? Ewé wà lára aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà. Òdòdó wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, òdòdó oníke. Ẹ wo álíbọ́ọ̀mù ilé yín, ẹ máa rí i. Òdòdó oníke gba ìjókòó nínú fọ́tò, òdòdó gidi dúró síta nínú oòrùn. A fẹ́ràn láti máa sọ pé "à-wò-rántí" ni àwòrán, bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn onímọ̀ èdè lè máa bá ara wọn fà á. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé a ò ka ewé mọ́ ohun tó yẹ ká rántí nìyẹn.

Àwọn tó ń bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ohun tí kálukú wọn ń wí ò sì jọra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọkùnrin onífóònù lóhùn, torí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára jù.

Mo gbà pé fóònù rẹ̀ ríran ju bébà mi lọ. Ó ń yà àwọ̀, ó ń yà èèpo igi, ó lè fa nǹkan súnmọ́ tòsí títí a ó fi rí iṣan inú ewé. Tí ẹ bá fẹ́ fi ewé kan ránṣẹ́ sí onímọ̀ ní Ìbàdàn láti bi í pé kí ni, ẹ má fi bébà mi ránṣẹ́, fóònù ni kí ẹ lò. Mi ò jiyàn. Ibi tí fóònù ti kùnà ni pé kò gba àkókò. Kì í ṣe àbùkù lára ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ó yà á, ó tán, ó kọjá sórí nǹkan mìíràn. Fọ́tò dóńgóyárò tí ọmọ yẹn yà lójú mi, mo bi í lẹ́yìn oṣù kan, ó ti pa á rẹ́ kí àyè lè wà fún fídíò.

Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ewé mi. Mò ń sún gíláàsì bí òjìji ṣe ń sún. Nínú wákàtí mẹ́rin yẹn, ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà dúró, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo sọ fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò ṣe ya ewé òrí, tí èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín yẹn ṣì wà níbẹ̀?" Mi ò mọ̀ pé igi òrí wà lẹ́yìn ilé wa. Igi ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ìyá náà jókòó, ó sọ bí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun ṣe máa ń jí lọ ṣa èso rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹran ara èso náà kí wọ́n tó fi kóró rẹ̀ ṣe òrí. Obìnrin Fúlàní kan tó ń kiri wàrà náà dúró, ó wo ewé, ó sọ ohun tí wọ́n ń pè é lédè tirẹ̀. Mo ní kó tún un pè, ó tún un pè, síbẹ̀ mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọlọ́kadà kan ní òun mọ ibi tí èlú ṣì ń hù. Ṣé ẹ rí nǹkan? Kò sí ẹni tó máa ń dúró ti ẹni tó ń fi fóònù ya ewé. Ẹni tó gbé gíláàsì sórí ewé, tó wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbàdo, gbogbo ayé ló máa dúró bi í ní ìbéèrè. Ibi tí wọ́n bá ti ń bèèrè ni orúkọ ti ń jáde.

Ohun kan tún wà. Ewé tó wà lórí bébà mi, bí ewé náà ṣe tóbi tó ló tóbi. Ewé yẹn fúnra rẹ̀ ló fara kan bébà. Lórí fóònù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé patanmọ́ ò tóbi ju ara wọn lọ.

Lọ́rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Koríko kan wà tó kún gbogbo oko àti etí ọ̀nà, tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Àjèjì ni, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò: àwọn bàbá wa rí koríko tí kò ṣeé pa, tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ olóṣèlú pè é. Wọ́n wo koríko dáadáa kí wọ́n tó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni. Àwa tí a ń pe gbogbo rẹ̀ ní "koríko ni," yẹ̀yẹ́ pàápàá ò lè ti inú rẹ̀ jáde mọ́.

Àwọn kejì ni àwọn tó ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ tiwọn ò gbà mí lásìkò. Fóònù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ síta ńkọ́? Herschel tó ṣe cyanotype, Áfíríkà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jókòó ní Cape láti 1834 sí 1838, tí wọ́n ń ya òdòdó ibẹ̀ sórí bébà. Òdòdó wa ò kúkú jẹ́ àjèjì lójú tiwọn, ojú tiwa ló ti di àjèjì. Oòrùn sì rèé, kò ní ìwé ìrìnnà.

Àwọn kẹta ni mo ní ìjà gidi pẹ̀lú, torí pé wọ́n jọ ọ̀rẹ́. Ẹ ti rí wọn lórí Instagram. Wọ́n ra àpótí èròjà cyanotype láti òkè òkun, pẹ̀lú bébà tó wọ́n ju aṣọ lọ, wọ́n ya ewé kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òdòdó, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "àdìrẹ tuntun nìyí." Wọ́n gbé e síbi àfihàn, àwọn èèyàn mu wáìnì, wọ́n lọ.

Irọ́ ni, kì í ṣe àdìrẹ. Búlúù inú cyanotype, inú irin ló ti wá. Búlúù àdìrẹ, inú ewé èlú ló ti wá. Ẹni tó bá ti rí ìkòkò aró rí ò lè pe méjèèjì ní nǹkan kan náà. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á wá rẹ ẹ́ pẹ̀lú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ títí òórùn rẹ̀ á fi sọ pé ó ti tó. Aṣọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde máa ń kọ́kọ́ jọ àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Iṣẹ́ àti ìmọ̀ tó wà nínú ìyẹn pọ̀ ju kéèyàn ṣí ike méjì kó pò wọ́n pọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi àdìrẹ wé e, ibi tí wọ́n ti jọra gan-an ni ibi tí kò ní àwọ̀. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ bò, aró ò lè dé ibẹ̀. Nínú àwòrán oòrùn, ibi tí ewé bò, ìmọ́lẹ̀ ò lè dé ibẹ̀. Ìyá aláró tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ta ẹ̀kọ sára aṣọ á lóye àwòrán Anna Atkins ní ìṣẹ́jú kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, àmọ́ a ní láti mọ̀ ọ́n kí a tó lè kọ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí nípa wọn gan-an ni pé wọ́n ń mú kó dà bíi pé nǹkan olówó ni. Ọmọ Ṣakí tó bá rí i á ní, "Èyí ò kàn mí." Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà Ṣakí. Ẹ ra atalẹ̀ pupa. Ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú ògógóró tàbí sípíríìtì, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi rẹ̀ sára bébà tí kò dán, irú èyí tó wà nínú ìwé ìyàwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣe é nínú ilé níbi tí oòrùn ò dé, ẹ jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Á pọ́n bí ẹyin. Ẹ wá gbé ewé lé e, ẹ fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sóòrùn. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ tàbí Èrèlé, kí ìkùukùu tó dé, wákàtí mélòó kan tó. Ibi tí oòrùn kàn á ṣá, ibi tí ewé bò á ṣì pọ́n. Kí ó tó lè hàn dáadáa, ẹ po kán-ún mọ́ omi, ẹ rọra fi kùn ún: ibi tó pọ́n á yí padà di pupa bíi ti àwọ̀ ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ fọ atalẹ̀ kúrò lára aṣọ funfun rí mọ ohun tí mò ń wí, ó rí bó ṣe pupa kó tó lọ.

Òdòdó ìṣapá, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, náà ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ pupa bíi ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ tútù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Èmi ti da ọ̀pọ̀ bébà nù. Ẹ má bẹ̀rù àtidà á nù.

Níbí ni ẹni kẹrin ti máa ń dìde, ẹ̀gbọ́n mi kan sì ni. Ó ní, "Àwòrán tí kì í pẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe?" Òótọ́ ló sọ. Anthotype ò ṣeé dè mọ́lẹ̀. Oòrùn tó yà á náà ló máa pa á. Mo ya ewé patanmọ́ kan tó wù mí gan-an, gbogbo ìka ewé rẹ̀ hàn kedere, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó kọjú sí fèrèsé torí mo fẹ́ kí àlejò rí i. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti lọ. Bébà funfun ló kù. Ìwà òmùgọ̀ tèmi ni, ẹ̀bi oòrùn kọ́. Àwọn tí mo tọ́jú sínú ìwé tí mo dé pa ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ èyí tó máa pẹ́, ẹ lo cyanotype, mi ò kórìíra rẹ̀. Ó ti lé ní 170 ọdún tí Atkins ti ṣe tirẹ̀ tán, àwọn tó kù níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ búlúù. Èròjà méjì ni, ferric ammonium citrate àti potassium ferricyanide, àwọn tó ń ta èròjà fún yàrá ìwádìí ilé-ìwé mọ̀ wọ́n. Omi lásán la fi ń fọ̀ ọ́. Kí àgbàlagbà tó mọ̀ nípa kẹ́mísírì ló máa pò ó o, kí wọ́n má gbé e súnmọ́ iná tàbí kẹ́míkà olóró bí ásíìdì. Polí Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí níbí. Èmi ò rí ìdí tí olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan níbẹ̀ ò fi lè pò ó sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé girama tó yí wọn ká.

Ṣùgbọ́n mo bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan, mo sì ń bi ẹ̀yin náà. Nínú bébà mi àti igi òrí, èwo ló ń yára lọ jù? Ẹ gba ọ̀nà Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, ẹ ka àpò èédú tó tò sí etí ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ ò ní lè kà wọ́n tán. Igi wo ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn? Àyìn, apá, igi irú, igi òrí. Igi òrí tó hù láti inú kóró lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́. Ààké ò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ. Mi ò bú ẹni tó ń jó èédú. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé-ìwé, àwa tí a wà ní ìlú sì ni à ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí gáàsì bá gbówó lórí, kí ni èmi náà ń dáná sí? Bébà ò lè dá ààké dúró, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, igi tí a ò mọ̀ ju "igi" lọ, bí wọ́n bá gé e, a ò ní mọ̀ pé nǹkan kan lọ. Mo ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi òrí ju ọdún mẹ́wàá lọ, ká ní wọ́n ti gé e kí ìyá yẹn tó kọjá, mi ò bá ní ohun kankan láti sọ nípa rẹ̀.

Àwọn kan á tún ní àwọn onímọ̀ ti ṣe gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣe é. Ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí wà ní FRIN ní Ìbàdàn, tí orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀ ní èdè Látìn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Pierre Verger náà wà, fọtogíráfà ọmọ Faransé, tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Fọ́tò tó yà lé ní 60,000, ó sì tún ń gba orúkọ ewé àti ọfọ̀ wọn jọ lọ́dọ̀ àwọn babaláwo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé tó kó wọn sí, *Ewé*, jáde ní 1995. Níbo? Ní Bùràsíìlì, lédè Potogí pẹ̀lú Yorùbá. Fọ́tò rẹ̀ náà wà ní Bahia. Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án. Ohun tí àwa ò ṣe ló ṣe. Àmọ́ ọmọ JSS 2 ní Ṣakí tó fẹ́ mọ ewé tó wà lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, ṣé Bahia ló máa lọ ni? Látìn tó wà ní Ìbàdàn, ta ló máa kà á fún un?

Tèmi rọrùn. Kí kíláàsì kan, olùkọ́ kan, ẹ̀ẹ̀rùn kan, ya ewé 30 tó wà láàrin ọgbà ilé-ìwé wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ewé kan lọ sílé kí ó tó yà á, kí ó bi àgbàlagbà kan ní orúkọ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn bébà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Tí ìyá ọmọ kan bá pè é ní nǹkan kan, tí bàbá ẹlòmíì sì pè é ní nǹkan mìíràn, kí wọ́n kọ méjèèjì. Tí ọmọ Fúlàní tàbí ọmọ Ìbàrùbá bá wà nínú kíláàsì, àwọn wọ̀nyẹn ló máa jẹ́ ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n dì í pọ̀ bí ìwé, kí wọ́n fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn ò dé. Owó tó máa ná wọn ò tó ti àwọn bátànì tí wọ́n ń rà fún ìdágbére kíláàsì.

Èmi ti ya 19. Dóńgóyárò, òrí, patanmọ́ (ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ mọ ìdí), ewúro, ẹfinrin, imí eṣú, ewé Akíntọ́lá, ìbẹ́pẹ kékeré kan tí mo ní láti gé ìdajì rẹ̀ kó tó lè wọ abẹ́ gíláàsì. Èyí tó kàn tó wù mí jù ni koríko bẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń fi bo orí ilé kí páánù tó dé, tí wọ́n ń rù lọ fún Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ. Ọlọ́kadà ọjọ́ yẹn ní òun rí i ní ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ṣùgbọ́n òun ò fi bẹ́ẹ̀ dájú. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ. Ọmọkùnrin onífóònù ní òun náà ń bọ̀, ó ní òun máa fi fóònù ya èmi níbi tí mo bá ti ń ya koríko. Mo ní kó mú gíláàsì lúfà kan dání.